Ta Ni Ó Ń Sọ Fún Wa Pé A Ti Yó?

Bóyá oúnjẹ alẹ́ wà níwájú ẹlòmíràn nínú yín báyìí. Ẹ máa jẹun yín, ẹ má dúró dè mí, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni mo bá wá.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ iyán dé ìwọ̀n kan, tí ó ti àwo sẹ́yìn, tí ó ní, "Mo ti yó," ta ni ó sọ fún un? Ọmọdé yóò dáhùn pé ikùn ni, nítorí ikùn ti kún. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ènìyàn lè mu omi títí ikùn rẹ̀ yóò fi kún bámúbámú, kí ebi sì tún máa pa á kí ó tó pẹ́. Ẹnìkan wà nínú ara tí ó ń rán iṣẹ́, ẹnìkan sì wà tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ti ju 100 ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí kiri. Ní àkókò tiwa yìí, wọ́n ti fi díẹ̀ nínú wọn ṣe oògùn fún àwọn tí ara wọn sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Bí wọ́n ti ṣe rí wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ajá wà nínú ìtàn náà, ẹja wà nínú rẹ̀, eku wà nínú rẹ̀, alángbá olóró kan sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, bí a bá pàdé ọ̀rẹ́ tí a ti rí tipẹ́, tí a sì wí fún un pé, "O mà sanra o," ìkíni rere ni. Kò sí ẹni tí ó ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ara, tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àtọ̀gbẹ, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ohun tí dókítà ń wò nìyẹn, kì í ṣe ẹwà. Àwa kan náà tí a ń kí ẹni tí ó sanra, bí ó bá sanra kọjá àlà, a óò yí ohùn padà, a óò ní wọ̀bìà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀bìà yìí sí apá kan ná. N óò padà sídìí rẹ̀.

Ó di ìlú London, ní ọdún 1902. Àwọn ọkùnrin méjì kan, William Bayliss àti Ernest Starling, ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní University College. Nígbà náà, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé àwọn iṣan ìmọ̀lára nìkan ni ó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ara, bí wáyà tẹlifóònù. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí a ń pè ní páńkíríásì, tí ó máa ń da omi sínú ìfun láti fi lọ oúnjẹ. Àwọn méjèèjì gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tí ó lọ sí apá kan nínú ìfun ajá kan. Wọ́n wá da omi kíkan sínú apá ìfun náà. Wáyà ti já, ṣùgbọ́n páńkíríásì da omi rẹ̀ bí ẹni pé ó gbọ́. Báwo ni ó ṣe gbọ́? Wọ́n ha ara inú ìfun náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì fa omi rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá náà. Kò pẹ́ rárá tí páńkíríásì tún fi da omi sílẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìránṣẹ́ náà gbà kọjá. Ní ọdún 1905, Starling pe irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní hòmóònù, orúkọ náà kò sì yí padà títí di òní.

Kí ni ìránṣẹ́ náà rí bí? Àwọn baba wa tí wọ́n máa ń pa àrokò ni ìdáhùn rẹ̀ ìbá tètè yé. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i ni pé ọkàn àwọn fà sí i. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, iṣẹ́ náà ti yàtọ̀. Iye owó ẹyọ náà àti bí a ti tò wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà. Ara wa náà ń pa àrokò. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí ó fi ń ṣe é jẹ́ oríṣi 20, àmínò ásíìdì ni a ń pè wọ́n. Bí a bá sín wọn pọ̀ di okùn tí kò gùn púpọ̀, pẹ́pítáìdì ni orúkọ rẹ̀. Bí okùn náà bá gùn gan-an, tí ó sì ká pọ̀, a ń pè é ní purotéènì, irú èyí tí ó wà nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Bí a bá pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà lè yí padà, ó sì lè má yé ẹni tí a rán an sí mọ́.

Ínsúlínì, tí Frederick Banting àti Charles Best fà jáde ní Toronto ní ọdún 1921, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àrokò bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ 51 ni ó ní. Ní oṣù January 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa, ọmọ náà sì yè. Iṣẹ́ tí ínsúlínì ń jẹ́ ni pé kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan hàn ní ọdún 1964. Àwọn oníwádìí fún ènìyàn ní ṣúgà lọ́nà méjì: wọ́n fún un mu, ní ìgbà mìíràn wọ́n sì fà á tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ínsúlínì tí ara ń tú jáde nígbà tí a bá fi ẹnu mu ṣúgà pọ̀ púpọ̀ ju ti ìgbà tí a bá fi abẹ́rẹ́ fà á lọ. Ó hàn gbangba pé ìfun ń ránṣẹ́ ṣáájú sí páńkíríásì pé, "Oúnjẹ ń bọ̀ o, múra sílẹ̀." Àrokò wo ni ìfun fi ń ránṣẹ́ náà? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá a.

Inú ẹja ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ojú ọ̀nà. Ní Boston, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General, Joel Habener àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ yẹ ẹja òkun kan tí a ń pè ní anglerfish wò, nítorí pé nínú ẹja yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe ínsúlínì dá dúró sí ọ̀tọ̀, kò ṣòro láti yọ wọ́n. Ní ọdún 1982 wọ́n kéde pé hòmóònù kan tí a ti mọ̀ tipẹ́, glucagon, wà nínú okùn ńlá kan, àti pé àrokò mìíràn tí ó jọ ọ́ so mọ́ ọn nínú okùn kan náà. Nígbà tí wọ́n wo ti ẹranko àti ti ènìyàn, wọ́n tún rí i níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní GLP-1.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Svetlana Mojsov wà ní ilé ìwòsàn náà. Ìlú Skopje, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Yugoslavia nígbà náà, ni wọ́n bí i sí. Ó ti kọ́ ní New York, lọ́dọ̀ Bruce Merrifield, bí a ti ń fi ọwọ́ sín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Merrifield ni ó gbé ọgbọ́n náà jáde ní ọdún 1963: ó so ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ hóró kékeré kan tí kì í yòrò, ó so èkejì mọ́ ọn, ó fọ̀ ọ́, ó so ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá a lọ títí okùn fi pé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1984. Mojsov lo ọgbọ́n yìí, ó sì fi hàn pé okùn GLP-1 tí àwọn ènìyàn ń kà sí 37 kọ́ ni ìfun ń rán jáde. Ara máa ń gé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà kúrò lórí rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1987, òun àti Habener pẹ̀lú Gordon Weir fi hàn nínú páńkíríásì eku pé bín-ín-tín nínú rẹ̀ tó láti mú ínsúlínì jáde. Ní ọdún kan náà, Jens Juul Holst àti àwọn ará Copenhagen rí ohun kan náà. Nígbà tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwárí ti Boston, wọn kò fi orúkọ Mojsov sí i. Ó ní láti jà fún un kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Habener. Ọdún 2024 ni ẹ̀bùn Lasker tó dé ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú Habener àti obìnrin kan láti Denmark tí ń jẹ́ Lotte Bjerre Knudsen. Lójú tèmi, ìyìn náà pẹ́ jù.

Àrokò wà lọ́wọ́ wọn wàyí, ṣùgbọ́n kò wúlò fún oògùn. Ìdí rẹ̀ ni pé alágékù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, irú ẹ́ńsáìmù kan, tí ó máa ń gé ìlẹ̀kẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kúrò lórí okùn GLP-1 bí ó bá ti rí i. Láàárín ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì, ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ta ni ó lè máa gba abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì?

Ibi tí alángbá ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Ní aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà àti ní àríwá Mexico, alángbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Gila monster. Ó sanra, ìrìn rẹ̀ kò yá, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, oró sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀ọ̀gbọ̀n ni ó ń jẹun. Ìrù rẹ̀ ni ó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí. Dókítà John Eng, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ajagun-fẹ̀yìntì ní Bronx ní New York, ní ọ̀nà kan tí ó fi ń mọ okùn tí ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ histidine, bí ti GLP-1. Àwọn kan máa ń sọ pé nítorí alángbá náà kì í jẹun déédéé ni Eng fi wá a lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó kà ni pé oró àwọn ẹranko kan máa ń da páńkíríásì rú, ó sì rò pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà nínú oró náà tí ó ń bá páńkíríásì sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1992, ó kéde okùn onílẹ̀kẹ̀ 39 kan tí ó pè ní exendin-4. Ó jọ GLP-1 tó bí ìdajì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kejì rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà alágékù inú ẹ̀jẹ̀ kò rí ibi gé. Ẹ wo bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan ti tó! Eng fi owó ara rẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́, ilé-iṣẹ́ Amylin ní California gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù April 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gún un. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń sín in, a kò pa alángbá kankan nítorí rẹ̀.

N óò padà sídìí ọ̀rọ̀ wọ̀bìà báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìwádìí Jackson, eku kan yọ nínú àwọn eku wọn ní ọdún 1949 tí kì í yé jẹun, tí ó sanra bí nǹkan mìíràn. Nígbà tí ó ṣe, Douglas Coleman níbẹ̀ so ẹ̀jẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti eku mìíràn, eku sísanra náà sì dẹ́kun oúnjẹ. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ èkejì tí tirẹ̀ kò ní. Jeffrey Friedman ní New York ni ó rí i ní ọdún 1994: hòmóònù ni, leptin ni wọ́n sọ ọ́, ọ̀rá fúnra rẹ̀ ni ó sì ń rán an sí ọpọlọ láti sọ pé, "Mo wà níhìn-ín, mo tó." Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen O'Rahilly àti Sadaf Farooqi rí àwọn ọmọ díẹ̀ tí ara wọn kò lè ṣe leptin rárá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó wọn bí kílógíráàmù 94. Ebi kì í tán lára rẹ̀ láti ìgbà èwe. Nígbà tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ leptin, oúnjẹ tí ó ń jẹ dínkù, láàárín ọdún kan ó sì fi bí kílógíráàmù 16 sílẹ̀. Iṣẹ́ kan ni kò dé ọpọlọ ọmọ náà. Ta ni yóò wá dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí yóò pè é ní wọ̀bìà?

Àwọn oníṣòwò rò pé leptin yóò wo gbogbo ẹni tí ó sanra sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tí ó sanra ni leptin pọ̀ lára wọn yanturu. Ọpọlọ ni kò ka iṣẹ́ náà sí mọ́. Ìrètí náà ṣákìí.

GLP-1 ni ó wá ṣe ohun tí leptin kò lè ṣe. Ní ọdún 1996, àwọn oníwádìí ní London fi hàn pé bí a bá fi í sí ọpọlọ eku, eku náà kì í lè jẹun púpọ̀. Ó tún máa ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú àpòlúkù. Ní Denmark, Knudsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Novo Nordisk dá ọgbọ́n mìíràn sí ọ̀rọ̀ alágékù: wọ́n so ìrù ọ̀rá kan mọ́ okùn GLP-1, kí ó lè rọ̀ mọ́ albumin, purotéènì kan tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, liraglutide, ń lo ọjọ́ kan. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, semaglutide, tí wọ́n tún pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kejì rẹ̀, ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, àwọn 1,961 ènìyàn tí ó sanra jù gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 68. Àwọn kan gba semaglutide, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ èyí tí òun ń gbà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun gba oògùn lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Gbogbo wọn ni wọ́n gbà ní ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá. Àwọn tí kò gba oògùn fi ìdá bí 2 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀; àwọn tí ó gbà á fi bí 15 sílẹ̀. Tirzepatide, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ hòmóònù ìfun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe tó bí 21 ní ìwọ̀n rẹ̀ tí ó ga jù, nínú ìwádìí ọdún 2022. Ní ọdún 2023, ìwádìí lórí 17,604 ènìyàn tí àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ fi hàn pé semaglutide dín ikú àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi, ju ọ̀rọ̀ ìbàdí tí ó tín-ín-rín lọ.

Oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Èébì, inú rírùn, ìgbẹ́ gbuuru tàbí kí ìgbẹ́ ṣòro í yà, wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Òkúta lè dí inú àpò òróòro, páńkíríásì lè wú. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ó ń lọ, ẹran ara náà ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n sì dá oògùn dúró fún díẹ̀ nínú àwọn tí mo sọ yẹn, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ti padà. Owó rẹ̀ kò kéré rárá. Ní oṣù September 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi semaglutide àti tirzepatide sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí fún irú àwọn alátọ̀gbẹ kan, ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ ọjà di ọ̀pọ̀.

Ibi tí nǹkan bá ti wọ́n, ayédèrú kì í pẹ́ dé. Ní oṣù June 2024, Àjọ náà kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní Brazil àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù October 2023, àti ní Amẹ́ríkà ní oṣù December ọdún kan náà. Àwọn mìíràn ń ta pẹ́pítáìdì nínú ìgò kékeré tí wọ́n kọ sí lára pé ti ìwádìí nìkan ni, tí ẹni tí ó rà á sì ń gún un sára. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ AOD-9604. Gígé kan lára hòmóònù ìdàgbàsókè ni, àwọn ará Australia ni wọ́n ṣe é, ó sì mú eku rù. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn, ìwọ̀n ara tí ó dínkù kò tó nǹkan, ní ọdún 2007 ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pa á tì gẹ́gẹ́ bí oògùn ọ̀rá. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á títí di òní, ohun tí ó ṣe fún eku ni wọ́n sì fi ń polówó rẹ̀ fún ènìyàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé ìgò bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ bi í pé ènìyàn mélòó ni wọ́n dán an wò lára, àti pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọn kò gbà á. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀, ẹ gbà á níyànjú kí ó máa gbé e padà lọ sílé.